Okùn Ẹ̀yìn Abẹ̀bẹ̀

Oṣù kẹrin ni yìnyín tó tú òkun sílẹ̀ ní Saaremaa.
Mo ṣí ilẹ̀kùn àká, òtútù ṣì jókòó síbẹ̀
bí àlejò tó gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀.
Ọkọ̀ wa dojú délẹ̀ lórí igi méjì,
ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì, ńlá àti kékeré,
fi orí kọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Heldur ló ń pẹja. Èmi ni mo ń tún un ṣe.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì;
ẹni tó ti bá ọmọ ọdún mẹ́rìnlá fa ọ̀rọ̀ òòfà
kò ní bẹ̀rù kábúrétọ̀.

Kékeré ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀.
Epo èṣí ti dì sínú ihò rẹ̀ bí oje igi.
Mo fi wáyà tín-ín-rín ro ó, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ,
pẹtiróòlù ta mí ní ètè, mo tutọ́, mo tún fẹ́.
Mo ti ìdí rẹ̀ bọ àgbá omi, mo fa okùn.
Lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́. Lẹ́ẹ̀mejì, ó sín.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ̀rọ̀.
Ṣùgbọ́n kò tọ̀.

Kí n sọ fún ẹni tí kò mọ̀:
ẹ́ńjìnnì tí kò bá tọ̀, ikú ló ń lọ yẹn.
Mo pa á kíá. Rọ́bà tó ń fa omi sí i lára ti ya,
ìyẹ́ mẹ́fà ti ku mẹ́rin. Mo pààrọ̀ rẹ̀.
Ó tọ̀ gbọọrọ,
mo sì yìn ín bí a ti ń yin ọmọdé lórí póò.

Ó ku ńlá.
Síńkì ìdí rẹ̀ ti rù, ó ku egungun:
irin tí a fi fún iyọ̀ jẹ
kí iyọ̀ má baà jẹ irin tí a fẹ́ràn.
Mo de tuntun mọ́ ọn, mo ju àtijọ́ sínú garawa.
Ẹni tó ń jìyà nítorí ẹlòmíràn
kì í sábà gbọ́ ẹ ṣé.

Mo wá tú bóòtù ìsàlẹ̀ kí ọ́ìlì jíà lè ṣàn.
Ó jáde ní funfun, bí omi ọ̀gì.
Omi ti wọlé. Níbo?
Mo yọ abẹ̀bẹ̀, mo sì rí i:
okùn ìwọ̀, aláwọ̀ ewé, tó wé mọ́ ọ̀pá,
tó ti gé rọ́bà ìdènà bí ọ̀bẹ.
Mo fà á. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò tán.
Ní ìparí rẹ̀ ni ìwọ̀ Heldur há sí,
kò tẹ̀, kò ní ìpẹ́ kan ṣoṣo lára.

Láti ìgbà ìwọ́wé ni ẹja ẹlẹ́nu-pẹ́pẹ́yẹ yẹn
ti ń dàgbà nínú ilé wa.
Nínú oṣù kọkànlá, ó gùn tó apá ọkùnrin.
Nígbà tó fi máa di Kérésì, ó ti ga tó ilẹ̀kùn,
ó fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ó já okùn bí òwú aláǹtakùn.
Endel àti Maimu mu bíà, wọ́n mirí,
ojú Heldur sì ń tàn,
ọkùnrin tí dókítà ní kó má gun àkàbà mọ́,
tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nídìí bọ́tìnnì.

Ó yọjú láti ẹnu ọ̀nà. “Ṣé ó burú?”
“Rọ́bà ìdènà. Yúróò méjìlá.”
“Kí ló gé e?”
Okùn náà wà lápò mi, ó ń gún mi nítan.
“Ọjọ́ orí,” ni mo wí.

Ọjọ́ Àìkú, a wà lójú omi.
Ó nà ọwọ́ sí ẹ̀bá esùsú: “Ibí yìí ni.”
Mo dín iná ẹ́ńjìnnì kù, mo wẹ̀yìn,
ńlá ń tọ̀ geere.
“Tún sọ fún mi,” ni mo wí,
“báwo ló ṣe tóbi tó?”